Ìwé Àwọn Ọmọ-ìyá Mẹ́ta tí Mo Kà ní Sáríà

Pírámárì fóò ni mo kà dé kí wọ́n tó mú mi fọ́kọ, nítorí náà kí ẹni tó bá ka èyí má bá mi jà bí ọ̀rọ̀ mi kò bá tò bíi ti tíṣà. Ìwé òyìnbó kan tí mo kà lọ́jọ́ ogbó mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ìwé àtijọ́ kan nípa àwọn ọmọ-ìyá mẹ́ta àti ìfẹ́ tó dé bá wọn. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ tiwọn kí n má sọ tiwa, torí mẹ́ta ni àwa náà. Rámọ́tù ni àgbà, èmi ni mo tẹ̀ lé e, Síkírá ni àbígbẹ̀yìn. Ìlọrin ni wọ́n ti bí wa. Àwọn méjèèjì ò kúrò níbẹ̀. Èmi ni mo lọ.

Inú ọyẹ́ ni mo wọ Sáríà. Mi ò mọ̀ pé òtútù tó lè mú kí eyín òkè máa lu ti ìsàlẹ̀ wà nílẹ̀ yìí. Ètè mi là, gìgísẹ̀ mi là, mo rò pé àrùn ni. Ọkọ mi, Làmídì, tó jẹ́ télọ̀ ní Sábóngàrí, fi mí rẹ́rìn-ín títí, ó wá ra òrí fún mi. Ó ní, "Fi pa á. Ọyẹ́ Sáríà ló ń kí ìyàwó."

Òtútù yẹn kọ́ ló dẹ́rù bà mí jù. Nínú oṣù kejì, mo ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Hàjíà Lámì, aládùúgbò wa, yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọkọ Hàdízà ti kú. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni sọ pé omi ẹ̀rọ ti dé. Ilé kejì sí tiwa ni Hàdízà ń gbé, àná ni mo rí ọkọ rẹ̀ tó ń fọ kẹ̀kẹ́. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí n tó da ìborùn borí kí n tó jáde, àwọn ọkùnrin ti ń ti itẹ́ òkú bọ̀. Mo sunkún wọlé, mo sọ fún Làmídì pé ẹnu àwọn èèyàn yìí le jù.

Ó ní, "Ẹnu wọn ò le. Tààrà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ó máa mọ́ ẹ lára."

Ó sì mọ́ mi lára. Hàjíà Lámì yìí kan náà ló kọ́ mi níṣẹ́. Fìlà ni wọ́n ń ṣe ọnà sí ní Sáríà, àwọn obìnrin inú ilé ló sì ń ṣe é, abẹ́rẹ́ àti òwú náà ni. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń rán, tí ó ń tú u. Á ní, "Kai, ọmọ Ìlọrin, ṣé fìlà lèyí àbí àwọ̀n ẹja?" Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ọkọ rẹ̀, Àlàájì Sánúsí, kọ́kọ́ dé fìlà tí mo ṣe lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti òwúrọ̀ kí n lè rí i nígbà tó bá ń kọjá. Ó kọjá. Kò tiẹ̀ wò mí. Orí rẹ̀ nìkan ni mo rí, inú mi sì dùn títí di ọjọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n orúkọ mi sọnù. Làmídì ń pè mí ní Ìyá Múníru, àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní Maman Muniru. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara mi bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ, Ìlọrin ló kù sí, lẹ́nu Rámọ́tù. Nígbà tí fóònù di ti gbogbo èèyàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n bá ti kírun tán. Ìkòkò ló ń mọ, ní Òkèlele. Ó ní amọ̀ ti bo fóònù òun tán, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ sun ún pọ̀ mọ́ ìkòkò. Á pe orúkọ mi, á kì mí dé ìdí, á wá béèrè pé, "Ṣé wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ níbẹ̀ yẹn?" Mo ti di ìyá àgbà, ìbéèrè yẹn náà ni.

Làmídì kú. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Hàjíà Lámì náà lọ. Múníru ọmọ mi wà ní Kàdúná, Hausa ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ Sáínábù ń pè mí ní Kaka, ìyẹn ìyá àgbà. Mi ò dá wọn lẹ́bi, ibi tí a bí wọn sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, mi ò ní sọ ju Yorùbá tí mo fi ń bá ewúrẹ́ wí lọ. Mo máa ń ka ọjọ́ sí Jímọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún tó kọjá, fóònù dún lákòókò tí Rámọ́tù máa ń pè. Búràímọ̀ ni, ọmọ àbúrò bàbá wa.

"Ẹ kúulé, ẹ̀gbọ́n."

"Búràímọ̀! Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Ara Àǹtí Rámọ́tù ni kò fi bẹ́ẹ̀ le. Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀."

"Ha. Kí ló ń ṣe é?"

"Ó rẹ̀ wọ́n díẹ̀ ni. Ẹ ṣáà máa bọ̀."

"Gbé fóònù fún un."

"Wọ́n ń sinmi."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ikọ́ tó máa ń ṣe é yẹn náà ni. Sọ fún un pé mo ní fìlà mẹ́wàá tí wọ́n fẹ́ dé lọ́jọ́ ọdún. Tí mo bá ti jẹ ọdún tán, mo dé."

Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ ẹ kedere. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa lónìí."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí nílé ti mọ ohun tí Búràímọ̀ sọ. Ẹ tiẹ̀ ti mọ̀ ọ́n kó tó dé orí ìsinmi. Èmi ò mọ̀. Mo ra oyin ìgò méjì, mo fi ìborùn olówùú kan kún un nítorí òtútù, mo gbé e fún Audu, awakọ̀ tó ń ná Ìlọrin. Mo padà sídìí fìlà mi.

Nígbà tí Audu dé, mo lọ bá a ní gáréèjì láti gbọ́ bí ara Rámọ́tù ṣe rí. Kó tó kí mi tán, ó ní, "Allah ya ji kanta, Mama."

Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Mo ní, "Ta ni?"

Audu wò mí. Ó ní àdúà ọjọ́ kẹjọ lòun bá. Àwọn àlùfáà jókòó lábẹ́ àtíbàbà, òun béèrè ilé ìyá tí ara rẹ̀ ò yá, gbogbo wọn ń wojú ara wọn. Wọ́n pe Síkírá jáde. Síkírá tú àpò náà níwájú gbogbo wọn, ó rí oyin, ó rí ìborùn, ó wò ó pẹ́, ó sì wọlé padà. Tààrà ni Audu sọ ọ́, bí Hàjíà Lámì ṣe sọ ti ọkọ Hàdízà. Bí mo ṣe gbọ́ ikú ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, lédè Hausa, lẹ́nu awakọ̀, nídìí mọ́tò.

Láti ọjọ́ náà, Síkírá ò gbé fóònù mi mọ́. Mo pè títí. Mo rán Búràímọ̀ sí i pé ọ̀nà ò dáa, àwọn ajínigbé wà lójú pópó, Múníru ní mi ò gbọdọ̀ wọkọ̀. Irọ́ kọ́, ọ̀nà ò dáa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìdí tí mi ò fi lọ, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú ló ń tì mí. Wọ́n túfọ̀ ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní èdè tí ìyá mi fi tọ́ mi, mo sì dáhùn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa. Ta ni mo fẹ́ sọ ìyẹn fún? Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí Síkírá pè mí ní ọ̀dájú ju kó mọ̀ pé mo ti di àlejò lọ.

Ìgbà yẹn ni Tíṣà Dọ́káàsì gbé ìwé náà dé. Ará Kàbbà ni, ó kọ́ni ní Wúsásà títí ó fi fẹ̀yìn tì, Túdùn Wádà ló ń gbé. Ó máa ń wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá wá kí mi. Ọjọ́ náà ó bá mi níbi tí mo ti dojú kọ ògiri.

Ó ní, "Ìyá Múníru, ẹ ti wo ògiri yìí tó. Kò ní sọ̀rọ̀." Ó yọ ìwé kan tí kò ní èèpo mọ́, etí rẹ̀ ti pọ́n bí iyẹ̀pẹ̀ Sáríà. "Ẹ jẹ́ ká ka èyí. Mo fi kọ́ àwọn ọmọ gírámà lẹ́ẹ̀mẹta."

"Tíṣà, òyìnbó tèmi ò dé ibẹ̀ yẹn."

"Tèmi dé ibẹ̀. Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: òun á ka ojú ewé kan, á túmọ̀ rẹ̀, èmi á ka ojú ewé kan, ìka mi lábẹ́ ọ̀rọ̀. Èyí tí mi ò bá mọ̀, á bá mi pè é. Ọ̀sán nìkan la ń kà, nítorí ojú wa méjèèjì.

Àwọn ọmọ-ìyá inú ìwé náà ni Ágínẹ́sì, Kílárà àti Lúsì. Ìyá wọn ti kú. Bàbá wọn ń bẹ, ṣùgbọ́n yàrá ló ń jókòó sí. Abúlé tí òjò kì í dá ni wọ́n ń gbé. Ọ̀gbẹ́ni kan, Pákìn, gun ẹṣin kọjá, òjò pa á, ó wọlé láti yáná, ó sì rí Kílárà tó ń tẹ dùùrù. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ojú ewé mẹ́ta ni òǹkọ̀wé fi sọ bí àyà Kílárà ṣe ń lù nítorí pé ẹnì kan wo ọwọ́ rẹ̀. Ágínẹ́sì náà fẹ́ràn ọkùnrin yìí, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, tíì ló ń pò.

Mo ní, "Tíṣà, àwọn wọ̀nyí ń rìn kiri lóko, wọn ò sì lọ síbì kankan."

"Ìgbádùn ni wọ́n ń rìn fún."

"Ta ló ń se oúnjẹ?"

"Ọmọ ọ̀dọ̀ wà."

"Pákìn yìí, ta ni ìyá ẹ̀? Ilé tó ń gbé nìkan ni wọ́n ń béèrè. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdílé ẹ̀."

"Ìfẹ́ ni, Ìyá Múníru. Ṣé ẹ̀yin ò nífẹ̀ẹ́ rí ni?"

Ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n mo ronú sí i. Ọjọ́ tí Làmídì wá rí mi, ó jókòó lọ́dọ̀ bàbá mi títí, nígbà tó ń lọ ló bi mí pé, "Ṣé o lè gbé ibi tó jìn?" Mo ní mo lè gbé ibẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tiwa nìyẹn, mi ò sì rò pé òǹkọ̀wé yìí lè rí ojú ewé mẹ́ta kọ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo sọ èyí fún Tíṣà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

Lẹ́yìn èyí, Kílárà lọ sí ìlú ńlá lọ́dọ̀ ìbátan bàbá wọn kan, torí ibẹ̀ ni Pákìn wà. Mo mọ apá ibẹ̀ dáadáa ju Tíṣà lọ. Nígbà tí Kílárà jókòó lójú fèrèsé, tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ilé baba rẹ̀, mo ní kí Tíṣà tún un kà.

Ojú ewé tó kàn bọ́ sí tèmi. Lẹ́tà ni, láti ọwọ́ Ágínẹ́sì sí Kílárà. Ìka mi ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Ó ní òtútù díẹ̀ mú Lúsì. Ó ní kò pọn dandan kí Kílárà kánjú, ṣùgbọ́n inú gbogbo ilé yóò dùn láti rí i.

Mo pariwo. "Kílárà! Di ẹrù ẹ!"

Tíṣà fò sókè. "Ẹ̀yin obìnrin yìí! Ẹ ti kà á síwájú lẹ́yìn mi!"

"Mi ò kà á."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀? Òtútù díẹ̀ lásán ni wọ́n sọ."

"Ọmọ yẹn ń kú lọ, Tíṣà. Ó tiẹ̀ lè ti kú. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn."

Mo gbọ́ ohun tí ẹnu ara mi sọ. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Mo wá ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, ti Búràímọ̀, ti ìsinmi, ti oyin, ti Audu nídìí mọ́tò. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rín.

Ó ní, "Síkírá ńkọ́? Ṣé ẹ ti sọ fún un?"

"Mo sọ fún un pé ọ̀nà ò dáa."

"Mi ò bi yín ní ti ọ̀nà."

A ka ìwé náà parí lọ́jọ́ kẹta. Ijó ni Kílárà dúró jó, torí ó rò pé Pákìn yóò sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó délé, wọ́n ti sin Lúsì. Ágínẹ́sì ṣílẹ̀kùn fún un, ó kí i bí àlejò. Kílárà ní yìnyín ló dí ọ̀nà. Yìnyín dí i lóòótọ́, òǹkọ̀wé sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì wá ń gbé inú ilé kan, wọ́n ń gbé tíì fún ara wọn, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, ọdún kan gbáko. Pákìn dé, ó fẹ́ Kílárà, ìlà kan ṣoṣo ni òǹkọ̀wé fi sọ pé Ágínẹ́sì fẹnu ko Kílárà lẹ́nu ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ló parí sí.

Inú bí mi. Mo ní, "Ó fi ojú ewé mẹ́ta sọ̀rọ̀ ọwọ́, ó fi ìlà kan sọ̀rọ̀ ọmọ-ìyá. Kí ló dé tí Kílárà ò sọ pé òun ka lẹ́tà náà, òun ò sì mọ̀ ọ́n kà?"

"Òǹkọ̀wé ò jẹ́ kó sọ ọ́."

"Ó yẹ kó jẹ́ kó sọ ọ́."

Gbogbo èèyàn ló ní ìwé dídára ni. Ó dára. Ṣùgbọ́n mo rò pé òǹkọ̀wé yẹn ò kúrò nílé rí. Ẹni tó bá pẹ́ lájò, àwọn èèyàn máa ń rò pé èdè ló máa gbàgbé. Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan. Mo lè sọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń mọ ìkòkò lágbo ilé wa, àti ti ìyá wọn. Ohun tí a ń fi ọ̀rọ̀ bò mọ́lẹ̀ ni mo gbàgbé, kò sì sẹ́ni tó rí i lára mi pé ó ti lọ, èmi gan-an ò rí i.

Tíṣà na fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ní, "Kò mọ nọ́ńbà tèmi."

Síkírá gbé e. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

Ó ní, "Fóònù ta lẹ fi pè?"

"Ti Tíṣà Dọ́káàsì. Síkírá, má pa á. Kì í ṣe ọ̀nà. Búràímọ̀ ní ara rẹ̀ ò le, mo sì rò pé ara rẹ̀ ò le."

"Kí lẹ wí?"

"Mo gbà á gbọ́. Ó ní ó ń sinmi, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó sinmi."

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni kò mọ ìyẹn?"

"Èmi."

Ó ní, "Mo ní ẹ mọ̀, ẹ kàn ní ẹ ò wá ni. Mo ní ẹ fi oyin ṣe wá ní yẹ̀yẹ́."

"Mo rò pé ikọ́ ni."

Ohùn kan jáde lẹ́nu rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Ó wá ní, "A jẹ́ pé kò tíì sẹ́ni tó sọ ọ́ fún yín."

"Awakọ̀ ló sọ ọ́. Hausa ló fi sọ ọ́."

"Ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó."

"Àǹtí Rámọ́tù kú," ni Síkírá wí. Kò fi nǹkan kan bò ó. "Àárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì ni. Wọ́n kú. Ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún ẹ̀gbọ́n mi. Síkírá ò ní kí n dákẹ́. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo ní, "Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Àlímọ́tù, ìyàwó Búràímọ̀."

"Àlímọ́tù tó ní àpá níwájú orí."

"Òun náà. Àti Ràbí, ọmọ Ìyá Sùfíánù."

"Ràbí tó ń fi ọwọ́ òsì ṣe nǹkan."

"Ẹ ẹ̀ gbàgbé ẹnì kan. Àti èmi. Apá ọ̀tún ni mo wà. Ràbí fẹ́ bọ́ sí apá òsì, mo ní kó kúrò níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Sáríà ló ni ibẹ̀."